Títọpasẹ̀ ẹbí ní Wéélsì nípasẹ̀ ìwé ìhágún àtijọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí àwọn atukọ̀ láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ń sọ̀ ní èbúté Cardiff, tí àwọn kan nínú wọn sì fi Butetown ṣe ilé, ni ẹbí tiwa àti ẹbí àwọn ará Wéélsì ti ń di àna ara wọn. Ọmọ tó ń jẹ́ Adébáyọ̀ lónìí lè ní ìyá-ìyá tó ń jẹ́ Price. Ní ti ìdílé baba, oríkì wà tí yóò gbọ́. Ti ìyá ńkọ́? Àwọn ìbéèrè tí irú wọn máa ń bi nípa ìwé ìhágún àtijọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní wíìlì, ni mo kó jọ síbí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwé ìhágún? Ṣé ìwé ìrìbọmi kò tó ni?

Ìwé ìrìbọmi dára, ẹ má fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ, orúkọ baba, bóyá orúkọ ìyá, àti ọjọ́ ni gbogbo ohun tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ní páríìṣì kan ṣoṣo, ìyẹn àgbègbè tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ń bójú tó, John Jones lè pọ̀ débi pé kò ní sí ohun tí ẹ óò fi dá tiyín mọ̀. Nínú ìwé ìhágún, ẹni tó mọ̀ pé ikú ń bọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń dárúkọ ìyàwó, àwọn ọmọ, ọkọ tí ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́, àwọn ọmọ-ọmọ, àbúrò tó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, aládùúgbò tó jẹ ẹ́ lówó. Ó tún ń dárúkọ oko tó ń gbé. Ojú ewé kan lè so ìran mẹ́ta pọ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ọ̀pọ̀ ará Wéélsì ti ń fi Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, àwọn Onítẹ̀bọmi àti àwọn ìjọ olómìnira mìíràn. Àkọsílẹ̀ àwọn ṣápẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn kò pé, àwọn kan ti sọnù pátápátá. Ṣùgbọ́n ìjọ tó wù kí èèyàn máa lọ, iwájú kóòtù bíṣọ́ọ̀bù ni ìwé ìhágún rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé títí di 1858. Ẹni tí ẹ kò rí nínú ìwé ìrìbọmi, ẹ lè bá a níbẹ̀.

Tálákà ni àwọn èèyàn tiwa. Ṣé wọn yóò ní ìwé ìhágún?

Ó ṣeé ṣe. Kì í ṣe àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ló ń ṣe é. Àgbẹ̀ tó ń san owó ilẹ̀ fún onílẹ̀, alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, atukọ̀, opó tó ní màlúù méjì àti ibùsùn kan, gbogbo wọn wà nínú àwọn ìwé náà. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn kú láìkọ nǹkan kan, lébìrà oko kì í sì í sábà ní tirẹ̀.

Obìnrin tó wà lọ́dọ̀ ọkọ kò lè ṣe ìwé ìhágún láìjẹ́ pé ọkọ fọwọ́ sí i, àfi lẹ́yìn tí òfin ohun ìní àwọn abilékọ tí wọ́n ṣe ní 1882 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1883. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ìwé ìhágún obìnrin ṣáájú ìgbà yẹn, ó sábà máa ń jẹ́ ti opó tàbí ti ẹni tí kò lọ́kọ. Ọjọ́ orí pàápàá yóò yà yín lẹ́nu: kó tó di 1838, ọmọkùnrin ọdún 14 àti ọmọbìnrin ọdún 12 lè pín ẹrù wọn fún ẹni tó wù wọ́n. Ní 1838 ni òfin sọ ọ́ di ọdún 21.

Tí bàbá ńlá yín kò bá ní ìwé kankan, ẹ wá ti àwọn ará rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àpọ́n tí kò bímọ, tàbí ti obìnrin tí kò lọ́kọ tó sì dàgbà kú. Ẹni tó bímọ lè sọ pé "fún àwọn ọmọ mi" kó sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ẹni tí kò bí ni yóò máa to orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti baba wọn àti ibi tí wọ́n ń gbé.

Níbo ni àwọn ìwé náà wà?

Ilé Ìkówèésí ti Orílẹ̀-èdè Wéélsì, ní ìlú Aberystwyth, ló ni ibi ìpamọ́ wọn. Ìwé tó lé ní 190,000, tí àwọn kóòtù ìjọ ní Wéélsì fọwọ́ sí kó tó di 1858, ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ya àwòrán wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè wò wọ́n láti Ìbàdàn tàbí láti Houston láìsan kọ́bọ̀. Ẹ lè fi orúkọ, ọdún, páríìṣì tàbí kóòtù wá wọn.

Ìwé gangan ni púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe àdàkọ, ìyẹn ni pé ọwọ́ olóògbé fúnra rẹ̀ lẹ ń wò, tàbí àmì tó fà nítorí pé kò mọ̀wé. Láti 1754 ni òfin ti sọ pé kí ọkọ àti ìyàwó máa fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó páríìṣì. Tí William Morgan méjì bá dàrú mọ́ra, ẹ fi ọwọ́ inú ìwé ìhágún wé ọwọ́ inú ìwé ìgbéyàwó.

Kóòtù wo ni mo máa wò?

Ibi tí ẹni náà gbé àti ibi tí ohun ìní rẹ̀ wà ló ń sọ ọ́. Nígbà náà, ilẹ̀ Wéélsì wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní kóòtù tirẹ̀. Bangor ló ni erékùṣù Anglesey àti ọ̀pọ̀ Caernarfonshire, pẹ̀lú apá kan Merioneth. Flintshire àti Denbighshire sábà máa ń wà lábẹ́ St Asaph, àti apá kan Montgomeryshire. Llandaff ló ni Glamorgan àti Monmouthshire, àfi Gower tó wà lábẹ́ St Davids. St Davids fúnra rẹ̀ tóbi: Pembrokeshire, Cardiganshire, Carmarthenshire. Ó tóbi débi pé Brecon, tó wà lábẹ́ rẹ̀, ní kóòtù tirẹ̀ fún Breconshire àti Radnorshire. Hawarden ní Flintshire tún dá dúró ní ti ara rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó.

Ààlà dáyósíìsì, ìyẹn àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù kan, kò bá ààlà orílẹ̀-èdè mu. Páríìṣì kan ní Wéélsì lè wà lábẹ́ Hereford tàbí Chester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni Oswestry tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ St Asaph. Tí àwọn èèyàn yín bá gbé lẹ́bàá ààlà, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì.

Tí ohun ìní olóògbé bá wà ní dáyósíìsì méjì, tó sì lé ní pọ́n-ùn 5, kóòtù bíṣọ́ọ̀bù kan kò tó o mọ́. Ó di ti Prerogative Court of Canterbury, kóòtù bíṣọ́ọ̀bù àgbà, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé ti ẹni tó kú sórí òkun tàbí ní ilẹ̀ òkèèrè lọ, tó bá ní ohun ìní nílé. Àwọn ọlọ́rọ̀ kan tilẹ̀ ń lọ síbẹ̀ nítorí iyì lásán. Àdàkọ tí akọ̀wé kóòtù ṣe láti 1384 títí di 1858 wà ní The National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew, Lọ́ńdọ̀nù, ní abẹ́ àmì PROB 11. Wíwá orúkọ níbẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n gbígba ẹ̀dà lè gba owó.

Mi ò rí nǹkan kan láàárín 1653 sí 1660. Ṣé wọ́n sun wọ́n ni?

Rárá. Ìjọba Cromwell, tó ṣàkóso láìsí ọba, ti àwọn kóòtù bíṣọ́ọ̀bù pa. Kóòtù kan ṣoṣo ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣe iṣẹ́ náà fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéélsì nígbà yẹn, inú PROB 11 sì ni ẹ óò ti rí wọn. Bangor ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ṣáájú 1635 kò tó nǹkan, nígbà tí àwọn kóòtù yòókù ní ìwé láti àárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún.

Orúkọ ìdílé wa ni Price. Mo ń bá Price lọ sẹ́yìn, ó dé ibì kan, kò sí Price mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́ nìyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn.

Láyé àtijọ́, àwọn ará Wéélsì kò ní orúkọ ìdílé. Dafydd tí baba rẹ̀ ń jẹ́ Rhys ni Dafydd ap Rhys. Bó bá jẹ́ obìnrin, "ferch" ni wọ́n ń fi sí i, akọ̀wé kóòtù sì máa ń kọ ọ́ ní "verch": Gwenllian verch Rhys. Bí Dafydd bá bí Hywel, Hywel ap Dafydd nìyẹn. Orúkọ kejì ń yí ní gbogbo ìran. Nígbà tó yá, "ap" lẹ̀ mọ́ orúkọ baba: ap Rhys di Price, ap Hywel di Powell, ap Huw di Pugh, ap Harri di Parry. Níbi tó ti jẹ́ "ab", ab Owain di Bowen, ab Ifan sì di Bevan. Ẹni tó ń jẹ́ Price lónìí kàn ní bàbá ńlá kan tí baba rẹ̀ ń jẹ́ Rhys ní ọjọ́ tí orúkọ náà dúró ni. Nítorí náà, Price kan àti Price mìíràn kì í ṣe ẹbí nítorí orúkọ.

Àwọn ọ̀tọ̀kùlú ti ń mú orúkọ kan dúró láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn mẹ̀kúnnù kò kánjú. Nínú ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn mìíràn ti ju "ap" nù, ṣùgbọ́n àṣà náà wà níbẹ̀: Evan Thomas ni ọmọ Thomas David, Thomas David sì ni ọmọ David Evan. Ní àwọn àgbègbè kan, ó wọ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àárín ìyípadà yìí lẹ ti ń rí ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ Evans nígbà tí àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, ń jẹ́ Thomas. Ẹ tún lè rí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ méjì fún pẹ̀lú "alias" láàárín, kì í ṣe ọ̀daràn, akọ̀wé ni kò mọ èyí tí yóò mú.

Àwọn obìnrin kì í sì í gba orúkọ ọkọ bí ti ìsinsìnyí. Tí William Morgan bá kọ "my wife Catherine Rees", ìyàwó ilé ni, kì í ṣe àlè. Opó rẹ̀ náà yóò kú sínú orúkọ baba tirẹ̀, nítorí náà orúkọ Rees ni kí ẹ fi wá ìwé ìhágún rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ yéé lé orúkọ, ẹ lé oko. Orúkọ ń yí, oko ò kúrò níbi tó wà. Oko kọ̀ọ̀kan ní Wéélsì ló ní orúkọ, orúkọ náà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ìdílé kan sì lè wà lórí oko kan fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ kọ orúkọ oko sílẹ̀ láti inú ìwé ìhágún tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ wá ka gbogbo ìwé ìhágún páríìṣì yẹn fún ọgbọ̀n ọdún ṣáájú rẹ̀, orúkọ tó wù kó wà lórí wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ páríìṣì ìgbèríko kò tóbi.

Orúkọ oko nìkan kò tó ṣá o. Pantglas pọ̀ ní Wéélsì, Ty'n-y-coed pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páríìṣì pàápàá lè ṣini lọ́nà: gbogbo ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì Máíkẹ́lì Mímọ́ bá wà lè máa jẹ́ Llanfihangel, ti Màríà Mímọ́ ni Llanfair. Oko, páríìṣì àti káúńtì ni kí ẹ kọ pọ̀. Káúńtì àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ pín ní 1974, wọ́n tún un pín lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1996.

Èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́? N kò gbọ́ èdè Wéélsì.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin Ọba Henry Kẹjọ ní 1536 sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì di èdè kóòtù ní Wéélsì, nítorí náà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà lédè Wéélsì. Ẹ rò ó wò: àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lédè ìyá rẹ̀, àlùfáà tàbí tíṣà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ń kọ ọ́ lédè mìíràn. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ń dàrú tó bẹ́ẹ̀. Rhys lè di Rees, Rice, Reece tàbí Price nínú ìwé kan náà.

Àkọsílẹ̀ kúkúrú tí kóòtù fi ń jẹ́rìí pé òun fọwọ́ sí i wà ní èdè Látìn títí di 1733. Kò le, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tún kọ. Ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí wọ́n gbé ogún lé lọ́wọ́ nìkan lẹ nílò níbẹ̀.

Ọwọ́ ìkọ̀wé náà kò ṣeé kà.

Ti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìdajì ìkẹtàdínlógún le lóòótọ́: "e" kọjú sẹ́yìn, "s" gùn bí "f", "c" jọ "r". Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "In the name of God Amen", ẹ ti mọ ohun tí ó sọ, nítorí náà ẹ fi lẹ́tà rẹ̀ kọ́ ọwọ́ akọ̀wé náà. Tí ẹ bá tún rí ibi tó fi ẹ̀mí rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ lọ́nà tó wú yín lórí, ẹ má tètè sọ pé onígbàgbọ́ tòótọ́ ni bàbá ńlá yín. Akọ̀wé ló sábà ń ní ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ń lò ó fún gbogbo èèyàn.

Owó wà ní pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì: pẹ́nì 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Àwọn àgbà wa tó ná tọ́rọ́ àti sísì kí náírà tó dé ní 1973 kò nílò àlàyé lórí èyí.

Wọ́n kọ 1723/4 sórí ìwé kan. Ọdún wo gan-an ni?

1724 ni lójú tiwa. Títí di 1752, ọjọ́ 25 oṣù Máàṣì ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé. Oṣù Jánúárì àti Fébúárì wà ní òpin ọdún. Ìdí rèé tó fi lè dà bí ẹni pé èèyàn kan ṣe ìwé ìhágún ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1700, tí kóòtù sì fọwọ́ sí i ní oṣù Fébúárì 1700. Ikú rẹ̀ wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Fún ẹni tó kú kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ikú ní 1837, ọjọ́ méjèèjì yẹn lè jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ óò fi mọ ìgbà tó kú.

Kí ni bébà tó wà lẹ́yìn ìwé ìhágún, tó kún fún màlúù àti àgùntàn?

Àkọsílẹ̀ ẹrù olóògbé ni. Títí di nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, kóòtù sábà máa ń béèrè fún un. Aládùúgbò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò wọlé, wọn yóò máa lọ láti yàrá dé yàrá, láti àká dé pápá, wọn yóò sì máa díye lé nǹkan.

Èmi kì í fo bébà yìí. Ìwé ìhágún sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, bébà yìí sọ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ló sábà ń ṣíwájú. Lẹ́yìn náà ni ibùsùn, ìkòkò idẹ, àgbá ọtí bíà, kẹ̀kẹ́ òwú, ọkà tó wà nílẹ̀ àti èyí tó wà lóko. Màlúù ni ọrọ̀: akọ màlúù tó ń fa ohun ìtúlẹ̀, abo tó ń fún ní wàrà, ọmọ màlúù ọlọ́dún kan, wọ́n kà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí irinṣẹ́ bá wà, ẹ ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Tí Bíbélì bá wà níbẹ̀, inú yín á dùn. Bí olóògbé bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn darandaran tó ń da màlúù Wéélsì lọ sí ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ óò rí gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ ẹ́ ní ìlú tó jìnnà sí ilé rẹ̀ gidigidi.

Ilẹ̀ tó jẹ́ ti olóògbé pátápátá kì í sí nínú bébà yìí. Ẹ má fi iye tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pinnu pé tálákà ni, ó lè ní oko mẹ́ta.

Baba fún àkọ́bí rẹ̀ ní ṣílè kan péré. Ṣé ó bínú sí i ni?

Bóyá. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Kí òfin tó yí, "cyfran" ni àwọn ará Wéélsì fi ń pín ilẹ̀: àwọn ọmọkùnrin ń pín in dọ́gba, bí ìgbà tí àwa bá pín ogún ní orí-ò-jorí, àfi pé wọn kì í ka ọmọbìnrin mọ́ ọn. Àwọn òfin Henry Kẹjọ pa èyí rẹ́ ní àárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ilẹ̀ wá di ti àkọ́bí ọkùnrin tí baba kò bá sọ ohun mìíràn. Àkọ́bí tó gba ṣílè kan lè ti ní gbogbo oko náà lábẹ́ òfin, tàbí kí baba ti fún un ní ìpín tirẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ṣílè náà jẹ́ kó hàn pé wọn kò gbàgbé rẹ̀, kó má bàa wá yọ ẹjọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tí baba ti fún lówó lọ́jọ́ ìgbéyàwó ńkọ́? Bákan náà ni.

Ẹ tún rántí 1696. Ṣáájú ọdún yẹn, àṣà Wéélsì kò gbà kí ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ pín gbogbo ẹrù rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìpín ìyàwó àti ti àwọn ọmọ ti wà nílẹ̀. Àìrí orúkọ ọmọ kan nínú ìwé ìhágún ọdún 1650 kò túmọ̀ sí pé ọmọ náà ti kú.

Ìwé náà pe ẹnì kan ní "nephew", ẹlòmíì ní "father-in-law". Ṣé mo lè gbà á bẹ́ẹ̀?

Ẹ má gbà á wẹ́rẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, "nephew" lè jẹ́ ọmọ-ọmọ. "Father-in-law" lè jẹ́ ọkọ ìyá. "Brother" lè jẹ́ àna, "cousin" sì lè jẹ́ ẹbí èyíkéyìí. Ẹ fi ìwé mìíràn gbè é kí ẹ tó kọ ọ́ sórí igi ìdílé.

Kò sí ìwé ìhágún, ìwé onídùúró nìkan ló wà. Ṣé ó wúlò?

Ó wúlò. Ẹni tó kú láìṣe ìwé ìhágún, kóòtù ló ń yan ẹni tí yóò bójú tó ogún rẹ̀, opó tàbí ọmọ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni náà yóò sì mú onídùúró wá. Òfin 1670 ti sọ bí wọn yóò ṣe pín in: ìdá kan nínú mẹ́ta fún opó, ìyókù fún àwọn ọmọ. Ẹ wo orúkọ àwọn onídùúró dáadáa, ẹbí ni wọ́n sábà ń jẹ́. Iye owó tó wà lórí ìwé náà kì í ṣe iye ogún. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni wọ́n sábà ń kọ.

Lẹ́yìn 1858 ńkọ́?

Ó rọrùn. Láti ọjọ́ 12 oṣù Jánúárì, 1858, ìjọba gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìjọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣe ìwé atọ́ka fún ọdún kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéélsì: orúkọ, iṣẹ́ tàbí àdírẹ́sì, ọjọ́ ikú, ẹni tó gba àṣẹ ogún, iye ogún náà. Orí ìkànnì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ ti lè wá a, kí ẹ sì sanwó fún ẹ̀dà. Ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti 1600 kó tó wá ti ìyá-ìyá rẹ̀, ìdílé onídìílé ló ń kà.

Ṣé ọ̀rọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú wà nínú àwọn ìwé yìí?

Ó wà, kò sì dùn-ún gbọ́ tán. William Wells, ọmọ Cardiff, lọ sí erékùṣù St Kitts, ó di oníṣòwò àti olóko ìrèké. Ó bí Nathaniel ní 1779 fún obìnrin kan tó mú lẹ́rú, Juggy ni wọ́n ń pè é, kó tó gba òmìnira tó sì di Joardine Wells. Nígbà tí William kú ní 1794, ìwé ìhágún rẹ̀ ló sọ ọmọ aláwọ̀ dúdú náà di ọlọ́rọ̀. Nathaniel ra Piercefield lẹ́bàá Chepstow ní 1802, ó sì di ṣẹ́rìfù Monmouthshire ní 1818. Òun náà ní ẹrú ní St Kitts.

Àwọn ará Wéélsì mìíràn ní oko ní Kàríbíánì. Richard Pennant, tó ní ibi ìwa òkúta síléètì ní Penrhyn, ní oko ìrèké ní Jàmáíkà. Nínú ìwé ìhágún irú àwọn èèyàn báyìí àti àkọsílẹ̀ ẹrù wọn, ẹ lè bá orúkọ èèyàn ní ìlà kan náà pẹ̀lú ìbaaka àti ìkòkò ìse ṣúgà, wọ́n díye lé wọn. Fún ẹni tó ń wá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, ìlà yẹn lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí orúkọ wọn ti hàn.

Ṣé òfin wọn jọ tiwa?

Òfin kan náà ni fún ìgbà pípẹ́. Òfin ìwé ìhágún ti 1837 tí wọ́n lò ní Cardiff ni wọ́n lò ní Èkó lẹ́yìn tí ìjọba amúnisìn gbé òfin Gẹ̀ẹ́sì wọlé ní 1876: ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìjọba Ìwọ̀-oòrùn ṣe tirẹ̀ ní 1958. Ẹni tó bá ti ka ìwé ìhágún ọ̀gbẹ́ni Èkó kan ti ọdún 1900 kò ní bá ohun àjèjì nínú ti Cardiff.

Mo ti rí ìwé ìhágún, mo ti mọ oko. Ibo ló kàn?

Máàpù ìdámẹ́wàá, tí wọ́n yà fún páríìṣì káàkiri Wéélsì lẹ́yìn òfin 1836. Ó fi oko hàn, pápá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Aberystwyth ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àwọn ìwé ìròyìn Wéélsì títí di 1919. Tí ogún náà bá sì wà láàárín 1796 sí 1903, ẹ wo ìwé owó orí ogún ní Kew, àmì rẹ̀ ni IR 26. Ìwé ìhágún sọ ohun tí olóògbé fẹ́. IR 26 lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ọmọ tó ti kú kí wọ́n tó pín in, ọmọbìnrin tó ti lọ́kọ, ẹni tó gba tirẹ̀ àti iye tó gbà.